Ibo gan-an ni kọ́mà ń lọ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: "Iṣẹ́ mi gba kí n máa kọ lẹ́tà àti ìròyìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Ọ̀gá mi sábà máa ń dá wọn padà, á ní kọ́mà pọ̀ jù níhìn-ín, kò sì sí níbi tó yẹ kó wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ mí ni kó fi kọ́mà sí. Ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn, síbẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè kọ́ ọ kó yé mi, tí mi ò ní máa méfò mọ́?"

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà, kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ gbé òfin mímí yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun gan-an ló ń dà yín láàmú. Bí ẹni mẹ́ta bá ka gbólóhùn kan náà sókè, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn á ti mí. Ẹni tí èémí rẹ̀ gùn lè máà dúró rárá. Àmì tó yẹ kó yé gbogbo òǹkàwé bákan náà kò lè ti inú èémí ẹnì kan wá.

Kì í ṣe pé àwọn tó kọ́ yín parọ́ fún yín o. Ọ̀rọ̀ mímí yẹn ní ìtàn nídìí. Ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Jésù, Aristophanes ará Byzantium, tó jẹ́ alábòójútó ibi ìkówèésí ńlá tó wà ní Alẹkisáńdíríà, ni a gbà pé ó fi àwọn àmì kínńkínní sínú ìwé Gíríìkì. Láyé ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn láìsí àlàfo kankan, ẹni tó bá sì fẹ́ kà á sétí àwùjọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti máa dúró díẹ̀, ibi tó ti máa dúró níwọ̀nba, àti ibi tó ti máa sinmi pátápátá. Ohun tí àwọn àmì náà wà fún nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, tó wá di pé èèyàn ń kàwé sínú ju bó ṣe ń kà á sókè lọ, iṣẹ́ àwọn àmì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Aldus Manutius tó ń tẹ̀wé ní ìlú Fẹ́nísì ló kọ́kọ́ tẹ semicolon sínú ìwé ní àwọn ọdún 1490, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ àmì tó lágbára ju kọ́mà lọ ṣùgbọ́n tí kò dá ọ̀rọ̀ dúró pátápátá. Lóde òní, ohun tí kọ́mà ń fi han ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ni bí gbólóhùn ṣe so pọ̀: èyí tó lè dá dúró nínú rẹ̀, èyí tó rọ̀ mọ́ òmíràn, àti èyí tí a kàn fi ṣe àlàyé kún un.

Torí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá kọ́mà yẹ níbì kan, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ìṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣe mélòó ló wà nínú gbólóhùn yìí, ta sì ni olùwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Ẹni tó bá lè fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe àti olùwà rẹ̀ nínú gbólóhùn tó kọ ti yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà kọ́mà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kódà bó há gbogbo òfin sórí, á ṣì máa méfò.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan ṣiṣẹ́, irú èyí tí mo máa ń rí nínú lẹ́tà àwọn tó ń sọ Yorùbá:

"The meeting was postponed, the manager did not inform us, we waited until evening."

Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí dán mọ́rán: wọ́n sún ìpàdé síwájú, ọ̀gá ò sọ fún wa, a dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Èdè wa gbà kí àwọn gbólóhùn kéékèèké máa tẹ̀ lé ara wọn báyìí, kọ́mà sì tó wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. "Was postponed" ní olùwà tirẹ̀, "the meeting". "Did not inform" ní "the manager". "Waited" ní "we". Gbólóhùn mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè dá dúró, Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣiṣẹ́ kò sì gbà kí kọ́mà nìkan so gbólóhùn tó dá dúró mọ́ òmíràn tó dá dúró. Comma splice ni àwọn olùkọ́ ń pè é. Tí ọ̀gá yín bá ń fa ìlà pupa sábẹ́ kọ́mà yín, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ irú èyí, torí pé èdè tí ẹ bá dàgbà ló ń tì yín síbẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lè fi full stop pín in sí gbólóhùn mẹ́ta. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa gé kúkúrú kúkúrú létí. Ẹ lè fi semicolon sáàárín méjì tí ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn gan-an. Ẹ lè fi kọ́mà síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn asopọ̀ méje tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí: for, and, nor, but, or, yet, so. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ sọ ohun tó fa ohun tó ṣẹlẹ̀ jáde: "Because the manager did not tell us that the meeting had been postponed, we waited until evening." Níbí, kọ́mà ẹyọ kan ló kù, ó sì ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà kò tún ní máa ro ó pé kí ló kan dídúró títí ilẹ̀ fi ṣú nínú ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Ẹ fiyè sí àwọn asopọ̀ méje yẹn dáadáa, torí àwọn kan wà tó jọ wọ́n tí kì í ṣe ara wọn. "However", "therefore", "then", "moreover": ìkankan nínú wọn kò lè so gbólóhùn méjì pọ̀ pẹ̀lú kọ́mà. "We called the office, however, nobody answered" kò tọ̀nà. "We called the office; however, nobody answered" ló tọ̀nà, tàbí kí ẹ fi full stop sẹ́yìn "office" kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé "nobody, however, answered", ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "nobody but answered" nígbà tó bá fẹ́ sọ ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ tó bá lè rìn kiri inú gbólóhùn kì í ṣe asopọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ "but", ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nínú Yorùbá, a máa ń sọ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, síbẹ̀ ó wá. Ọ̀rọ̀ méjì ló jọ gbé e. Bí a bá gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ó di "Although he was ill, but he came." Kọ́mà ibẹ̀ dára, "but" ni kí ẹ yọ.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Bí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan tó ṣe nǹkan méjì, ẹ má fi kọ́mà sáàárín: "She opened the file and read the letter." Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì, olùwà kan. Èyí tó wà lẹ́yìn "and" kò ní olùwà tirẹ̀, kò lè dá dúró, nítorí náà kò nílò kọ́mà.

Ní báyìí, ibi tí òfin mímí ti ń ṣe jàǹbá jù rèé: gbólóhùn tí olùwà rẹ̀ gùn. "The letter that the manager sent to all the branches last week, contains two errors." Ẹ kà á sókè, ẹ máa rí i pé èémí á fẹ́ gé lẹ́yìn "week". Àmọ́ ẹ bi ara yín: kí ló "contains two errors"? "The letter" ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e títí dé "week". Olùwà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, láìka bó ṣe gùn tó. Kọ́mà ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ dúró sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Méjì lè wà níbẹ̀ tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ àfikún ká, bíi "The letter, which came last week, contains two errors", ṣùgbọ́n ẹyọ kan, rárá. Tí gbólóhùn náà bá gùn débi pé ó ń gba èémí lọ́wọ́ yín, gbólóhùn ni kí ẹ tún kọ.

Gbólóhùn kejì tí mo kọ yẹn ló gbé wa dé ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí pé níbẹ̀, ìtumọ̀ gan-an ló ń yí. Ẹ wo méjèèjì yìí:

"The workers who arrived late were fined."

"The workers, who arrived late, were fined."

Nínú àkọ́kọ́, àwọn kan tètè dé, àwọn kan pẹ́. Àwọn tó pẹ́ nìkan ló san owó ìtanràn. Nínú èkejì, gbogbo wọn pátá ló pẹ́, gbogbo wọn ló sì san án. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, ẹ̀hun gbólóhùn kò yí padà, kọ́mà méjì ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. "Àwọn òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé san owó ìtanràn" ni àwa máa fi sọ méjèèjì, a ó sì jẹ́ kí ohun tí a ti ń bá bọ̀ sọ èyí tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí awẹ́ gbólóhùn tí "who" tàbí "which" bẹ̀rẹ̀ fi máa ń yọ wá lẹ́nu. A kì í rò ó pé ìbéèrè kankan wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé kí ẹ yọ awẹ́ gbólóhùn náà kúrò, kí ẹ wo ohun tó kù. Bí òǹkàwé bá ṣì mọ ẹni tí ẹ ń sọ láìsí i, ẹ fi kọ́mà yí i ká. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń sọ irú ẹni tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ má fi kọ́mà sí i. "My mother, who is a nurse, works at night": ìyá kan ni èèyàn ní, a mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, torí náà kọ́mà wà. "The nurse who called me works at night": nọ́ọ̀sì pọ̀, èyí tó pè mí ni mo ń wí, kò sí kọ́mà. Bó bá sì jẹ́ "that" ni ẹ lò dípò "who" tàbí "which", ẹ má fi kọ́mà sí i.

Kọ́mà tó ń yí ọ̀rọ̀ ká máa ń jẹ́ méjì. Èyí tó ṣí gbọ́dọ̀ rí èyí tó máa tì í, àyàfi tí full stop bá ti dé ibẹ̀. "My father, who taught me to read died last year" jẹ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ gan-an, ẹni tó kọ ọ́ ṣí ilẹ̀kùn, kò tì í. Ohun kan náà ni pẹ̀lú orúkọ, oyè àti àlàyé tí a bá sọ sáàárín: "Our director, a former teacher, signed the form."

Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí awẹ́ gbólóhùn tí "when", "if", "because", "while" tàbí "although" bẹ̀rẹ̀ bá ṣáájú, ẹ fi kọ́mà sí ìparí rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ ibi tí kókó ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí: "While the teacher was writing the letter fell from the table." Ojú òǹkàwé á kọ́kọ́ gbà pé lẹ́tà ni olùkọ́ ń kọ, ìgbà tó bá dé "fell" ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́yìn. Kọ́mà lẹ́yìn "writing" kò ní jẹ́ kó ṣìnà rárá. Bí awẹ́ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́yìn, a kì í sábà fi kọ́mà sí i: "We left when the lights went out." Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bíi "Yesterday" níwájú gbólóhùn, ẹ lè fi í, ẹ lè má fi í; kò sẹ́ni tó máa dá lẹ́tà padà torí ìyẹn.

Ti àkójọ nǹkan ni àwọn èèyàn máa ń jà lé jù. "Pens, paper and ink" tàbí "pens, paper, and ink"? Kọ́mà tó wà níwájú "and" yẹn ni wọ́n ń pè ní Oxford comma, torí pé ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford ló di ìlò rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ní Bìrìtìkó kì í lò ó, àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà tó ń tẹ̀ lé ìlànà Associated Press náà kì í sábà lò ó nínú àkójọ tó rọrùn, àmọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ní Amẹ́ríkà máa ń lò ó. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ àdéhùn tàbí òfin ilé iṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ lò ó. Òfin ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà to àwọn iṣẹ́ tí owó àfikún àkókò kò kàn lẹ́sẹẹsẹ, ìparí àkójọ náà sì ni "packing for shipment or distribution", láìsí kọ́mà níwájú "or". Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wàrà Oakhurst Dairy ní àwọn ń gbé ọjà kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kì í di ọjà, àti pé bí wọ́n ṣe kọ òfin náà, dídi ọjà nìkan ló ń wí, yálà fún fífi ránṣẹ́ tàbí fún pípín. Ilé iṣẹ́ ní rárá, dídi ọjà ọ̀tọ̀, pínpín rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé òfin náà kò ṣe kedere, wọ́n sì gbè sẹ́yìn àwọn awakọ̀. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún wọn. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tún ìlà yẹn kọ, semicolon ni wọ́n sì fi pín iṣẹ́ kan kúrò lára ìkejì.

Ẹ má wá rò pé kọ́mà yìí máa ń yanjú gbogbo nǹkan o. "I invited my aunt, a doctor, and a lawyer": ṣé ẹni mẹ́ta ni mo pè, àbí méjì, tí àǹtí mi jẹ́ dókítà? Kọ́mà kò lè dáhùn ìyẹn. Ẹ yí ètò ọ̀rọ̀ náà padà: "a doctor, a lawyer and my aunt."

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló kù lórí àwọn àmì yòókù. Ohun tó bá wà níwájú colon gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn: "We need three things: time, money and patience" dára, "We need: time, money and patience" kò dára. Semicolon ní iṣẹ́ méjì péré, èyí tí mo sọ lókè, àti pínpín àkójọ tí kọ́mà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí orúkọ èèyàn pẹ̀lú ipò wọn. Apostrophe kì í sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀pọ̀; "two manager's" kò sí. "It's" dúró fún "it is" tàbí "it has". Bí ẹ kò bá lè fi ìkankan nínú méjèèjì rọ́pò rẹ̀, "its" ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ń pe ẹnì kan nínú lẹ́tà, kọ́mà ló ń yà á sọ́tọ̀: "Thank you, sir." Ní ti àmì àyọlò, ìlànà Amẹ́ríkà ń fi kọ́mà àti full stop sínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ìlànà Bìrìtìkó sì ń wò ó bóyá àmì náà wà lára ọ̀rọ̀ tí a fà yọ. Nínú lẹ́tà ibi iṣẹ́, àmì ìyanu kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ ló wá kù. Ẹ má ra ìwé òfin tó nípọn kí ẹ máa kà á láti ojú ewé kìíní. Ẹ kó lẹ́tà díẹ̀ tí ọ̀gá yín ti fa ìlà sí jọ, kí ẹ pe àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: èyí jẹ́ gbólóhùn méjì tí kọ́mà so pọ̀, èyí jẹ́ kọ́mà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe, èyí jẹ́ kọ́mà tó ṣí tí kò tì. Ẹ máa rí i pé irú kan tàbí méjì ló ń padà wá ṣáá. Ẹyọ kan yẹn nìkan ni kí ẹ máa wá nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, títí tí ọwọ́ yín kò fi ní kọ ọ́ mọ́, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn.

Ìdánrawò kan wà tí mo gbà gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ dà á kọ láìfi àmì kankan sí i, láìfi lẹ́tà ńlá sí i, kí ẹ gbé e pa mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, ẹ fi àwọn àmì padà, kí ẹ wá fi wé ìwé náà. Níbi tí tiyín bá ti yàtọ̀, ẹ má tíì gbà pé ẹ kùnà. Ẹ béèrè ohun tí àmì òǹkọ̀wé ń ṣe níbẹ̀ tí tiyín kò ṣe. Nígbà míì, méjèèjì ló tọ̀nà. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kọ́ni, ju kí èèyàn kàn mọ ìdáhùn lọ.

Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gírámà wò lè bá yín rí comma splice àti apostrophe tó ṣáko, ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ bóyá gbogbo òṣìṣẹ́ ló pẹ́ ni tàbí àwọn kan nínú wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi kọ́mà síwájú "who", ẹ má kàn tẹ bọ́tìnì ìgbàmọ́ra.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ọ̀gá yín ní ìbéèrè méjì yìí: ṣé ìlànà Bìrìtìkó ni ilé iṣẹ́ yín ń tẹ̀ lé, àbí ti Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n sì fẹ́ kọ́mà níwájú "and" nínú àkójọ? Bí wọ́n bá ní ìwé ìlànà tiwọn, ẹ gbà á. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ìlà pupa yẹn máà jẹ́ àṣìṣe rárá, kó kàn jẹ́ pé ìlànà tí ẹ mọ̀ àti èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ yàtọ̀ síra.